Oko Tí Kò Ní Èpò

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ti lù, òjò wínníwínní sì ń rọ̀ sórí abúlé Òkè-Ọsàn, nígbà tí Ọláníyọnu gbé àwòrán àkọ́kọ́ wọlé tọ bàbá rẹ̀. Ayàwòrán ni Ọláníyọnu. Òun ló ń ya ẹyẹ àti ẹkùn sára ọkọ̀ akẹ́rù, òun náà ló ń ya orí ènìyàn sára ìsọ̀ àwọn onígbàjámọ̀. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ó sì láàánú, ṣùgbọ́n àléébù kan wà lára rẹ̀: ó fẹ́ràn ìyìn jù. Bí wọ́n bá yìn ín lónìí, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ títí wọn yóò fi tún yìn ín lọ́la.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Bàbá Ògúnyọmí, yọ̀ ṣubú lórí àpáta odò, itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Àgbẹ̀ ni bàbá yìí. Kò sí àárọ̀ kan tí kì í fojú kan oko rẹ̀. Ní báyìí, orí ẹní ló wà, ògiri ló ń wò, oúnjẹ kò sì wù ú jẹ mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe ọmọ rẹ̀ púpọ̀. Ọláníyọnu bá sọ fún un pé, "Bàbá, bí ẹ ò bá lè lọ wo oko, èmi á máa gbé oko wá fún yín."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń jí lọ sí oko iṣu náà ní òdìkejì odò. Yóò jókòó sórí kùkùté, yóò ya oko sára àjákù pákó tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, yóò sì gbé e wálé kí ọ̀dà tó gbẹ. Àwòrán kékeré kan lójúmọ́, kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Ti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, bí oko ṣe rí gan-an ló ṣe yà á. Bàbá wò ó, ó ní, "Hmm. Èpò ti ń yọjú nídìí ebè." Kò yìn ín. Ó dun Ọláníyọnu. Ní ọjọ́ kejì, kò ya èpò rárá. Ewé iṣu nìkan ló yà, tútù yọ̀yọ̀, tó lọ́ mọ́ igi. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ ò ní rọ! Oko mi nìyí!"

Ọjọ́ yẹn ni bàbá jẹ ẹ̀kọ tán tó tún béèrè òmíràn. Láti ìgbà náà, èpò kankan kò hù mọ́ nínú àwòrán Ọláníyọnu. Ṣùgbọ́n lóko, ó ń hù.

Nígbà tó yá, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe àáró wá kí Bàbá Ògúnyọmí. Ẹ mọ̀ pé nínú àáró, gbogbo ẹgbẹ́ á jọ ro oko ẹnì kan, lẹ́yìn náà wọn á bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Akínlàjà, aṣáájú wọn, ní, "Ẹ̀gbọ́n, oko yín ló kàn. Ọ̀la la máa débẹ̀."

Bàbá na ọwọ́ sí àwọn àwòrán tí wọ́n tò sára ògiri. "Ẹ wò ó bó ṣe mọ́. Ọmọ mi ti ń bá mi tu èpò ibẹ̀. Ẹ lọ ro ti Adéoṣùn aládùúgbò wa ná, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Tèmi lè dúró."

Ọláníyọnu wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti kọjú sí àwọn àwòrán náà, wọ́n ń yìn ín, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, Akínlàjà gba ẹ̀gbẹ́ oko náà kọjá, ó sì yà sílé bàbá. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé iṣu lẹ gbìn síbẹ̀ ni, àbí ọ̀yà lẹ fẹ́ máa sìn? Koríko ẹ̀kan ti fẹ́ ga jù mí lọ o!"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Akínlàjà, ojú rẹ ti ń ṣe bàìbàì. Wo oko mi." Ó na àwòrán àárọ̀ ọjọ́ náà sí i.

Akínlàjà gbé e sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. "Ó dára o. Oko ta ni?"

Bàbá yí ojú sí ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọláníyọnu dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ̀rín yín ni mo ń wá."

Bàbá kò pariwo mọ́ ọn. Ó ní, "Dìde. Èmi tí mo dùbúlẹ̀ yìí, mo ti rù, irùngbọ̀n mi ti kún, ẹsẹ̀ mi wú. Ṣé o kì í wo ojú mi lójoojúmọ́ ni? Ṣé o wá torí ẹ̀ kórìíra mi? Oko mi náà ń ṣàìsàn. Jẹ́ kí n rí i."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọláníyọnu ya oko náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ya koríko ẹ̀kan náà, ó ya ewé iṣu tó ti pọ́n lábẹ́ rẹ̀. Bàbá di àwòrán náà mú, ó wò ó fínnífínní. Ó ránṣẹ́ pe Akínlàjà àti ẹgbẹ́ àáró. "Apá ìsàlẹ̀ ti lọ, ẹ fi í sílẹ̀. Apá òkè ṣì ní ẹ̀mí. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Akínlàjà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń rí oko báyìí ni o."

Wọ́n gba apá òkè là. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wa iṣu apá ìsàlẹ̀, kò ju ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé lọ. Bàbá tó máa ń fún aládùúgbò níṣu, ọwọ́ Adéoṣùn ló ti gba iṣu jẹ lọ́dún náà.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí, ẹ̀yin ọmọ mi: ẹni tó bá fẹ́ràn yín, ẹ má fi ohun tó dára nìkan hàn án. Ohun tí ẹ bá fi pamọ́ fún un, kò lè bá yín tún un ṣe. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Bó bá kùtà náà, ẹ má tìtorí ẹ̀ pàtẹ èké.

Ní ti Ọláníyọnu, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ àáró dìde láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lọ ro apá òkè, ó fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó gbé ọkọ́ bàbá rẹ̀ kọ́ èjìká, ó bá wọn lọ sóko.