Kásẹ́ẹ̀tì Kérésìmesì

Ìyàwó ojú ọ̀nà náà so ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé fídíò àtijọ́ jáde mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì tan kásẹ́ẹ̀tì tí ìyá rẹ̀ olóògbé fi sílẹ̀. Ó fẹ́ kí gbogbo ará ìlú Barranquilla rí oyún tí ìyá rẹ̀ fi bí i níbi ìgbéyàwó lọ́la.

Ìyá rẹ̀ yọ lójú kọ̀ǹpútà lóòótọ́, ó ń jó ní Kérésìmesì, ikùn rẹ̀ pẹlẹbẹ.

"Àǹtí Nélida, ṣebí oṣù tó tẹ̀lé èyí ni wọ́n bí mi?"

Àǹtí tó tọ́ ọ dàgbà ò wojú rẹ̀. "Pa á, ọmọ mi. Oúnjẹ ti ń tutù."

Kò pa á. Kámẹ́rà yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri: Nélida ló jókòó síbẹ̀, ó di ikùn ńlá mú.

Ọmọbìnrin náà yíjú sí i.

"Kí ni kí n máa pè yín lọ́la?"