Oògùn tí Suara Pò

Àwọn tata inú àgò kọ̀, wọn ò kú. Ojú sì ń ti Olúgbénró, nítorí òun ló ń tọ́jú wọn.

Láti ìgbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, ti sọ oògùn òyìnbó di ọ̀wọ́n gógó ni iléeṣẹ́ oògùn oko tó ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà ti ń wá tìbílẹ̀. Suara, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń po oògùn náà. Oògùn náà dà bí ohun funfun tó máa ń hù sára búrẹ́dì tó bá bu, àmọ́ ara tata ni tiẹ̀ ń hù sí, títí yóò fi pa á. Suara á fín in sínú àgò onínẹ́ẹ̀tì, Olúgbénró á máa ṣọ́ wọn. Máníjà ti sọ ọ́ gbangba pé bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹnì kan á lọ sílé.

Wọ́n ti dá àwọn agbálẹ̀ dúró, Olúgbénró ló wá ń tún yàrá náà ṣe láràárọ̀. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ní Ìkẹ́rẹ́ ló ń ṣe é: á kọ́kọ́ kó gbogbo ẹrù síta sínú oòrùn, àtàgò àtàga, á fọ ilẹ̀, kò sì ní kó wọn wọlé títí ilẹ̀ á fi gbẹ. Àwọn tata á lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ti ń ràn. Tó bá dọ̀sán, wọ́n á tún máa jẹ ewé wọn lọ ràì.

Máníjà ní oògùn Suara kò lágbára, ó dá a dúró. Olúgbénró bá a gbé báàgì rẹ̀ dé géètì, ó ń dúpẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé kì í ṣe òun.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òjò kò jẹ́ kó kó nǹkan kan síta. Àwọn tata tí Suara fín oògùn sí kẹ́yìn kú pátápátá, ara wọn funfun. Ìgbà náà ló tó yé e. Oòrùn tí wọ́n ń yá ló ń mú ara wọn gbóná, ìgbóná yẹn ni wọ́n sì fi ń borí oògùn. Òun ló ba iṣẹ́ Suara jẹ́. Ojú tì í gan-an, síbẹ̀ kò lanu sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò kàn kó àgò síta mọ́ ni. Tata ń kú, máníjà ń yìn ín, wọ́n sì fi í sípò Suara.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó bẹ máníjà kí wọ́n fún Suara ní kẹ́ẹ̀gì oògùn kan, torí Suara ti ń gbin ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn àdúgbò Ọmọ́lé, tata ò sì jẹ́ kó gbádùn. Ó gbé e lọ sílé Suara ní Agége fúnra rẹ̀.

"Bàbá Uswat, ẹ má wulẹ̀ ra oògùn mìíràn," ó sọ fún Suara. "Èyí á pa wọ́n."

Suara di kẹ́ẹ̀gì náà mú, kò gbójú sókè. "Èmi lojú ń tì, Gbénró. Èmi ni n ò mọ̀ ọ́n pò."

Ibẹ̀ ló yẹ kí Olúgbénró ti sọ ọ́. Ó mu omi tí wọ́n gbé fún un, ó sì dìde.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀sán gangan ni Olúgbénró lọ wo oko náà. Suara mú un káàkiri, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní òun ti gé gbogbo igi tó ń ṣíji bo ẹ̀gẹ́, òun ò sì ra oògùn kankan mọ́, gẹ́gẹ́ bí Olúgbénró ṣe wí.

"Wò wọ́n," Suara ní, "gbogbo wọn ti gun orí ewé, sínú oòrùn. Oògùn ti ń mú wọn nìyẹn, àbí?"

Olúgbénró gbójú sókè wo oòrùn, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé oko kì í ní òrùlé.