Òdòdó Orí Àtẹ́rígbà

"Ibo gan-an ni Bàbá yín wá kọ orúkọ mi sí o?"

Màmá Julianah, opó onílé, ló ń béèrè. Orí ẹrù rẹ̀ ló jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ náà ní Iléṣà, katapílà sì ti ń kùn lóde. Káfíńtà wà lórí àkàbà, ó ń fi ayùn gé àtẹ́rígbà ọlọ́nà tó wà lókè ilẹ̀kùn, kí wọ́n tó wó ilé.

"Ẹ ti tú àpótí, ẹ ti tú Bíbélì," ni Micah, àkọ́bí olóògbé, wí. "Ìyàwó tí kò dé ṣọ́ọ̀ṣì, kí ló fẹ́ jogún? Mọ́tò tó máa gbé yín lọ sí Òṣú ń dúró dè yín."

"Ó ní ibi tí ẹ̀yin ọmọ òun ò ti ní lè pa á rẹ́ ni òun kọ orúkọ mi sí."

"Ẹ kà á sí mi létí nígbà náà!" Micah bú sẹ́rìn-ín.

Apá ọ̀tún àtẹ́rígbà já bọ́. Ikán ti jẹ inú rẹ̀, ó sì di lẹ́búlẹ́bú nílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ ṣe kíá. Òdòdó lásán ni," ni Micah wí fún káfíńtà.

Káfíńtà nu eruku ojú igi tó kù. Wọ́n ti sọ fún un pé Mùsùlùmí ọmọ Òṣogbo bíi tirẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kì í ṣe òdòdó. Lẹ́tà kéú, ti Lárúbáwá, ni, tí wọ́n fi kọ Yorùbá. Ó kà á láti ọ̀tún sí òsì, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé kéú:

"…ni mo kọ́ ilé yìí fún."

Ó bojú wolẹ̀. Orúkọ tó ṣáájú ọ̀rọ̀ náà, ní apá ọ̀tún tó já bọ́, ti di eruku lábẹ́ àkàbà, Màmá Julianah sì ti mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá a jọ, kí ẹnu ọ̀nà má baà dọ̀tí.