Ọmọ Ọba Kòríà Kàn Ń Sùn Ni

Ọba Kòríà inú fíìmù yìí ò lọ́pọlọ rárá!

Ó ní kí wọ́n gbé májèlé fún ọmọ bíbí inú ẹ̀. Ó wá jókòó, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n tó rí bíi ti òbúkọ ọjà Ṣakí.

"Kí ló wà nínú ife yẹn?" Ìyá bàbá mi ló ń béèrè. Wọn ò gbọ́ òyìnbó, èmi ni mò ń túmọ̀ èyí tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n fún wọn.

Nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ga, ká má sọ ohun tó máa bà wọ́n nínú jẹ́.

"Àgbo ibà ni, Ìyá. Irú ti Òkèhò."

Ọmọ ọba gbé e mu, ó ṣubú lulẹ̀ gbìì.

"Ṣé ó sùn ni?"

"Àgbo yẹn ló le."

Wọ́n fi aṣọ bò ó títí dé orí.

"Ẹ̀fọn pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, Ìyá."

Gbogbo ààfin wá wọ funfun, wọ́n ń yí nílẹ̀, wọ́n ń ké, "Áìgóò! Áìgóò!"

"Èyí ńkọ́?"

"Ìsọmọlórúkọ ni. Áìgóò lorúkọ ọmọ."

Ìyá gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi, wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n.

"Sọ̀fíyàt, ìsọmọlórúkọ wo ló ń pa ọ́ lẹ́kún báyìí?"

Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé omi ti bọ́ lójú mi.

"Láti Iléyá lẹ ti ń sọ fún mi pé fóònù bàbá rẹ ló bàjẹ́ ní Àbíjàn. Ẹ ò tiẹ̀ mọ irọ́ pa."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ṣé wọ́n kírun sí ọmọ mi lára?"