Páńpù Ọjọ́ Ìdána

Njaka jáde nílé ẹlẹ́ran ní àdúgbò Isotry pẹ̀lú ìdí àgùntàn tí wọ́n fi bébà wé, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó ti gbéyàwó wálé tán. Ìdí àgùntàn yẹn ni ọkọ ìyàwó gbọ́dọ̀ gbé síwájú àwọn òbí ìyàwó kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, àwọn òbí Voahangy, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, sì wà ní Itaosy lọ́hùn-ún, lódìkejì oko ìrẹsì. Wọ́n ti dúró dè é lẹ́ẹ̀kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá Voahangy là á mọ́lẹ̀ fún un: bí aago ọ̀sán ṣọ́ọ̀ṣì bá lù kó tó dé, kó lọ fi ẹran rẹ̀ se ọbẹ̀ jẹ.

Tákísì ni Njaka ń wa, ọ̀kan nínú àwọn àgbà mọ́tò Faransé aláwọ̀ wàrà tó ti wà láyé kí wọ́n tó bí ẹni tó ń wà wọ́n. Ó dé ẹ̀bá kòtò, ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé. Orúnkún rẹ̀ gbá sítíárìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kúrú máa ń bá a wa mọ́tò lọ́jọ́ ìsinmi, ó rọra bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ti àga sẹ́yìn. Kọ́kọ́rọ́ ṣagídí díẹ̀, bí kọ́kọ́rọ́ àwọn mọ́tò wọ̀nyí ti máa ń ṣe, kó tó yí. Ẹ́ńjìnnì wú ikọ́, kò dáhùn.

Baba arúgbó kan jókòó sórí ògiri kékeré tó wà níbẹ̀, ó ń jẹ kóbà, àkàrà ẹlẹ́pà tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n. Ó wo Njaka, ó wo mọ́tò, ó la ẹnu, ó tún pa á dé.

"Ẹ káàárọ̀, Baba."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. O múra o."

"Ìdána mi ni mò ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ẹran yìí mú, kó má kan ilẹ̀."

Baba náà gba ìdí àgùntàn, ó gbé e lé itan bí ọmọ ọwọ́. Njaka bọ́ kóòtù, ó fi kọ́ ilẹ̀kùn, ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì, ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì.

Ó kọ́kọ́ mi mọ́tò, ó sì gbọ́ tí epo ń mì nínú táńkì. Epo wà. Ó yọ rọ́bà tó ń gbé epo lọ sí kabúrétọ̀, ó ní kí baba wọlé bá òun yí kọ́kọ́rọ́. Baba dìde tòun ti ẹran, ó wọlé, ó yí i. Kò sí ẹ̀kán epo kan tó jáde. Ìgò epo wà lábẹ́ àga, Njaka ta díẹ̀ sẹ́nu kabúrétọ̀, ó ní kí baba tún yí i. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, ó sì kú.

"Páńpù ni," ni baba wí.

"Ẹ̀yin náà mọ mọ́tò?"

"Mo mọ̀ ọ́n nígbà kan. Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n báyìí, nọ́ọ̀tì kékeré ò gbọ́ tèmi mọ́."

Njaka ń tú páńpù lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún.

"Njaka, níbo lo wà? Bàbá ti dé fìlà," ni Voahangy wí.

"Mọ́tò ló kọ̀."

"Mọ́tò tún ni? Ṣebí o lè wọ ti ẹlòmíràn."

"Èmi onítákísì, kí n gbé tákísì ẹni ẹlẹ́ni lọ síbi ìdána mi? Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi máa kú."

Ohùn àgbàlagbà kan ń kùn lẹ́yìn Voahangy nínú fóònù. Voahangy padà sórí fóònù. "Bàbá ní irọ́ lò ń pa. Wọ́n ní bó bá jẹ́ òótọ́, kó o mú ohun tó bàjẹ́ nínú mọ́tò rẹ wá kí àwọn fojú rí i. Bí àwọn bá rí i, àwọn á gbà ọ́, kódà kí aago ti lù. Bí àwọn ò bá rí i, Njaka, ó parí nìyẹn."

Njaka yọ páńpù jáde. Awọ inú rẹ̀ ti ya. Kò tíì rí ohun tó bàjẹ́ tó wù ú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó nù ún, ó fi áńkáṣíìfù wé e, ó tì í bọ àpò kóòtù. Ìgbà yẹn ló tó rántí pé òun ò ní òmíràn.

"Wo abẹ́ àga ẹ̀yìn," ni baba wí.

Páńpù tuntun wà níbẹ̀, nínú páálí rẹ̀.

"Baba, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ta ló ń wa irú mọ́tò yìí tí kì í fi páńpù pa mọ́?"

Ẹ̀gbọ́n òun ló fi í pa mọ́ síbẹ̀, ni Njaka rò, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn. Ó gbé páńpù tuntun síbẹ̀, ó de nọ́ọ̀tì rẹ̀ méjèèjì le, ó ki àwọn rọ́bà bọ̀ ọ́. Aago ọ̀sán lù, kò já a láyà, ó fọwọ́ kan àpò kóòtù rẹ̀. Baba yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn rẹ̀ sì tutù.

Njaka wọ kóòtù, ó lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó dúró kí baba sọ̀ kalẹ̀. Baba ò sọ̀. Ó fa àga síwájú, ó na ìdí àgùntàn sí i láti ojú fèrèsé.

"Ọlọ́run á san án fún ọ, ọmọ mi," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí àwọn tó ń kọjá má baà gbọ́, "o ti bọ́ kóòtù kí n tó rí ẹnu sọ ọ́, mi ò sì fẹ́ dójú tì ọ́: mọ́tò tìẹ nìyẹn lẹ́yìn tèmi yìí, kò sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, bá mi yọ páńpù mi yẹn sílẹ̀ lápò rẹ, àwọn tó ń ra irin á rà á."