Àwòrán Tí Kò Tíì Pé Oṣù Mẹ́fà

Àwọn tó ń fúnni ní fíìsà ti dá àwòrán àwọn ìbejì Ọláìyá padà. Ti Táíwò, kọ́tìnnì pupa ló wà lẹ́yìn rẹ̀ dípò funfun. Ti Kẹ́hìndé ti lé lọ́dún kan, òfin sì ni pé àwòrán kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ. Akínbíyì, bàbá wọn, tó ti wà lókè òkun láti ọdún mẹ́ta, ló ń kọ fọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀ lórí ayélujára. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé lọ́jọ́ náà, tó jẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ní ọdún 2008. Bí kò bá wọlé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì tún lo ọdún mìíràn láìfojú kan ara wọn.

Láti Alápẹ̀rẹ̀ ni Ọláìyá ti mú Táíwò, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wá sí ṣọ́ọ̀bù Elkanah ní Ìkòsí láàárọ̀. Elkanah ń ya fọ́tò, ó sì ní kọ̀mpútà àti skánà. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Bí kò bá sí oníbàárà, kámẹ́rà ló máa ń bá sọ̀rọ̀.

"Ìyá Ìbejì, ṣé kò sí photographer ní Alápẹ̀rẹ̀ ni?"

"Ó wà. Òun ló ń ya wọ́n láti kékeré. Ọ̀dọ̀ rẹ ni mo fẹ́ wá."

Elkanah kà á sí ìyìn.

Pásípọ́ọ̀tù ló kọ́kọ́ gbà. Ó fi ti Táíwò sínú skánà, ìmọ́lẹ̀ bo ojú ìwé náà, ó sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì kí àwọn lẹ́tà ìsàlẹ̀ tó hàn tán. Nígbà tó kan ti Kẹ́hìndé, Ọláìyá ò tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ẹ̀yìn ìwé náà kó tó gbé e sílẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Aunty. Skánà ò ní jẹ ẹ́."

Ó ta aṣọ funfun sára ògiri. Irun ṣùkú ni Táíwò dì, etí rẹ̀ méjèèjì hàn dáadáa. Ó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, ó fi ìyókù sílẹ̀. Elkanah ní kó sún sí àárín. Nígbà tó tún máa gbójú sókè, ọmọ náà ti padà sí ìpẹ̀kun.

"Àwọn ọmọ mìíràn, ṣe ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má rẹ́rìn-ín," Elkanah ní. "Èyí ò tiẹ̀ dán an wò."

Nígbà tó yà á tán, ó fún un ní bisikíìtì kan.

"Fún un ní méjì," Ọláìyá ní.

"Ti Kẹ́hìndé nìyẹn? Òun fúnra rẹ̀ dà?"

"Màá mú un wá lọ́sàn-án."

Lọ́sàn-án, Ọláìyá mú ọmọ tó wọ aṣọ pupa wọlé. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n di irun rẹ̀. Aṣọ náà ń rùn káfúrà, ó sì ti kúrú díẹ̀. Elkanah pàtẹ́wọ́.

"Ah! Wọ́n mà jọra o! Ká ní kì í ṣe ti aṣọ ni, ǹ bá ní mo ti ya èyí láàárọ̀. Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n Táíwò, ẹ káàsán ma!"

Ìgbà tí Ọláìyá fọwọ́ kàn án léjìká ni ọmọ náà tó kúnlẹ̀ kí i. Ó lọ síwájú dígí tí àwọn oníbàárà fi ń yarun, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

"Ṣé Táíwò lò ń wá nínú dígí ni? Jọ̀ọ́, wá jókòó."

Àwòrán àkọ́kọ́ ò ṣe é lò, nítorí omi lé ròrò sójú ọmọ náà. Ẹlẹ́ẹ̀kejì náà bẹ́ẹ̀. Ọláìyá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó nu ojú rẹ̀. Àánú ọmọ náà ń ṣe é gan-an.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Nítorí Daddy."

Ọmọ náà di ẹnu rẹ̀ pọ̀, Elkanah sì yà á.

Ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Akínbíyì ti ń retí wọn lórí ayélujára, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì yọ lójú kọ̀mpútà. Elkanah kà á sókè: "Mo ti rí wọn. Kẹ́hìndé ti dàgbà o! Kí ló dé tí kì í fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́? Ṣé àlàáfíà ni?"

"Tẹ̀ ẹ́ fún un pé àlàáfíà ni, ojú ló ń tì í," Ọláìyá ní.

"Ṣé kí n sọ fún un pé ó sunkún?"

"Rárá o. Ẹ̀gbọ́n mi ti kìlọ̀ fún mi. A kì í fi fóònù ba ọkàn ẹni tó dá wà lókèèrè jẹ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Tí a bá débẹ̀, màá bá a sọ̀rọ̀."

"No shaking," Elkanah ní, ó sì tẹ ohun tó ní kó tẹ̀.

Wọ́n jókòó, wọ́n ń dúró. Ọláìyá di ọwọ́ ọmọ náà mú. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí èsì tó dé: "Wọ́n ti gba àwòrán náà! Ti àwọn méjèèjì! Bá mi gbá Kẹ́hìndé mọ́ra dáadáa."

Elkanah fò sókè bí ẹni pé òun ni wọ́n fún ní fíìsà. Ó mú bisikíìtì kan, ó rántí, ó fi ọ̀kan kún un. Ọmọ náà jẹ ọ̀kan, ó fi ìkejì sápò aṣọ pupa náà.

Nígbà tí wọ́n délé ní Alápẹ̀rẹ̀, Ọláìyá ti ilẹ̀kùn, ó bọ́ aṣọ pupa náà lọ́rùn Táíwò, ó ká a, ó gbá aṣọ náà mọ́ra bí Akínbíyì ṣe ní kó ṣe, ó sì dá a padà sínú àpótí tí wọ́n kó ẹrù Kẹ́hìndé sí ní oṣù méje sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín.