Ẹgbẹ̀rún Mẹ́ta Òǹwòran, Oníbàárà Kan Ò Sí

Ọ̀lẹ ni Usamah, ọ̀lẹ tó tún fẹ́ràn ìyìn. Ọ̀lẹ lásán ṣì sàn: bí ebi bá pa á dójú ikú, yóò dìde. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ tó ń fẹ́ kí wọ́n máa kí òun kú iṣẹ́, irọ́ ni yóò máa pa kiri.

Àlájà Sìmbíátù, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ló gbà á síṣẹ́. Ọmọ igi kòkó ni Àlájà ń tà lẹ́bàá títì ní Sekona, létí ìlú Ẹdẹ. Inú ọ̀rá dúdú ló ń gbìn wọ́n sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n á máa bomi rin wọ́n títí òjò yóò fi fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí àwọn àgbẹ̀ á wá kó wọn. Ọmọ kòkó kì í dúró de ẹnikẹ́ni o. Bí oṣù kẹjọ bá fi lè bá a nínú ọ̀rá, gbòǹgbò rẹ̀ á lọ́ mọ́ra, ó bùṣe nìyẹn.

Usamah kàwé dáadáa. Ó ṣe ìkànnì kan fún Àlájà lórí ayélujára, ìkànnì náà sì dára, ká má parọ́ mọ́ ọ. Àwòrán wà níbẹ̀. Àyè tí oníbàárà lè kọ̀rọ̀ sí wà níbẹ̀. Òǹkà tó ń sọ iye èèyàn tó wò ó lójúmọ́ náà wà níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èèyàn bí ogójì ló ń wò ó lójoojúmọ́, àwọn àgbẹ̀ sì ń béèrè ọ̀rọ̀: irú kòkó wo lẹ ní? Ṣé ẹ lè bá wa gbé e dé oko? Iṣẹ́ Usamah ni láti dá wọn lóhùn. Kò dá ẹyọ ẹnì kan lóhùn. Bọ́ọ̀lù ló ń wò lórí fóònù.

Àwọn èèyàn bá tiwọn lọ. Ogójì di mẹ́fà.

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí Àlájà bá ti kírun tán, á pè é pé, "Usamah, èèyàn mélòó ló wò wá?" Iye yẹn ló fẹ́ fi mọ iye kóró tí yóò gbìn. Ó sì ti ṣèlérí pé bí ìkànnì bá mú oníbàárà wá lọ́dún yìí, òun á ṣí ẹ̀ka kan sáàárín ìlú Ẹdẹ, Usamah ni yóò sì ṣe ọ̀gá ibẹ̀.

Ẹnu Usamah ò gbà á láti pe mẹ́fà. Àwọn kan sì wà lórí ayélujára tó jẹ́ pé òǹwòran ni wọ́n ń tà: ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣí ìkànnì oníkànnì léraléra, tí òǹkà á máa fò sókè bí ẹni pé èèyàn ni. Usamah lọ rà á.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, Àlájà. Lójúmọ́ kan ṣoṣo."

"Háà! Nínú Ẹdẹ yìí náà?"

"Gbogbo ayé ni o. Ayélujára kò ní ẹnu bodè."

"Alihamudulilai! Ọmọ mi, wàá dàgbà, wàá dògbó."

Ẹgbẹ̀rún méjì ọmọ kòkó ni Àlájà máa ń gbìn tẹ́lẹ̀. Lọ́dún yìí, ó gbin ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Aqeelah tó ń bá a bomi rin wọ́n ò lè pa á mọ́ra.

"Bùọ̀dá Usamah, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yìí, ṣé odi ni gbogbo wọn ni? Ẹnì kan ò pè wá rí."

"Bomi ẹ jàre. Kí lo mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà?"

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Usamah fi ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà sílẹ̀, òǹkà ló ń bọ́ yó.

Òjò dé. Oṣù kẹfà kọjá, ọjà ò fi bẹ́ẹ̀ tà. "Wọ́n ń bọ̀, Àlájà," ni Usamah ń wí. Oṣù keje ń lọ sópin nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró síwájú ọgbà. Ọmọ kòkó ló kún inú rẹ̀ bámúbámú. Bàbá Fákọ̀yà, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ alága àwọn àgbẹ̀ ní Alajue, ló sọ̀ kalẹ̀.

"Àlájà, ẹ ò ṣe é re. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé sórí ìkànnì yín pé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà la fẹ́. Ẹ ò tiẹ̀ ní ẹ gbọ́. Ọ̀nà jíjìn la ti lọ rà á yìí."

Àlájà yíjú sí Usamah. "Gbé fóònù yẹn fún wọn."

Fákọ̀yà fi awò rẹ̀ sójú. Ó rí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kọ, ó rí ti àwọn ẹlòmíì rẹpẹtẹ, kò sí èyí tí wọ́n ṣí. Ó wá wo ibi tí òǹkà kọ ìlú àwọn òǹwòran sí.

"Rọ́ṣíà ni gbogbo wọn ti wá, Àlájà. Wọn ò sì lò tó kí èèyàn ṣẹ́jú kí wọ́n tó lọ."

"Rọ́ṣíà? Ibi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ yẹn?"

"Ibẹ̀ náà ni."

Àlájà wo ọmọ kòkó tó tò lọ rẹrẹ, ó wo Usamah. "Usamah, ta ló ń gbin kòkó sínú yìnyín?"

Aqeelah bú sẹ́rìn-ín. Àlájà ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Usamah ò tiẹ̀ pé ọdún kan.

Oṣù kẹjọ dé, ó bá èyí tó ju ẹgbẹ̀rún méje lọ nínú ọ̀rá. Ohun tí Àlájà ì bá fi ṣí ẹ̀ka Ẹdẹ ti bá wọn lọ. Kò na Usamah, kò sì lé e. Ó gba ìkànnì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún Aqeelah, ó sì ní kí Usamah fọwọ́ ara rẹ̀ ya ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, kó ru òkú kòkó lọ sí ààtàn. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣe é lẹ́bàá títì, níṣojú gbogbo ọlọ́kadà Sekona.

"Ọ̀gá ẹ̀ka Ẹdẹ, ẹ kú iṣẹ́ o!" ni wọ́n ń kí i. Kò lè gbójú sókè.

Ẹ̀kọ́ rèé o, ẹ̀yin tí wọ́n fi iṣẹ́ oníṣẹ́ lé lọ́wọ́. Bí iṣẹ́ bá ń kú lọ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ ọ́; mẹ́fà tó jẹ́ òótọ́, èèyàn lè fi gbèrò ọ̀la. Iye tí ẹ bá fi irọ́ pè, ẹlòmíì ló máa gbé ohun ìní rẹ̀ lé e. Ẹ̀yin olówò náà, ẹ má kàn béèrè pé àwọn mélòó ló wá. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti wá, ohun tí wọ́n ń fẹ́, àti ẹni tó dá wọn lóhùn.